KÌ Í ṢE GBOGBO ÀÌGBỌ́RÀN NI AGÍDÍ
Ẹ̀kọ́ fún àwọn òbí àti àwọn olùkọ́ ilé kéwú

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ nínú ìwé ọdọọdún wa yìí bẹ̀rẹ̀ láti orí àṣìṣe tiwa fúnra wa. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 6 kan wà ní kíláàsì wa ní Jíbówú níbí. Ẹ̀yìn ni ó máa ń jókòó sí, lẹ́bàá fèrèsé tí ariwo àwọn bọ́ọ̀sì tí ń lọ sí ìlú òkèèrè máa ń gbà wọlé. Bí a bá pè é, kì í dáhùn. Bí àwọn yòókù bá ti ka álífù dé bá'ù, òun ṣì wà ní àná. A pè é ní olóríkunkun, a sì nà án ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní ọjọ́ kan, ìyá bàbá rẹ̀ wá bá wa, ó ní: “Ààfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí etí ọmọ yìí ti ń ṣe ọyún. Bí ẹ kò bá kọjú sí i, kò lè mọ̀ pé òun ni ẹ ń bá wí.”

Ojú tì wá. Ọmọ tí a ń nà nítorí àìgbọ́ràn, kò gbọ́ ohun tí a ń sọ ni. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n tọ́jú etí rẹ̀, àwa náà sì gbé e wá sí iwájú. Lónìí, ó ti ń ka Kùránì pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n pàṣán tí a ti fi nà án, a kò lè kó o kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi kọ ẹ̀kọ́ yìí.

KÍ NI À Ń PÈ NÍ YÍYẸ ỌMỌ WÒ?

Ẹni tí ó fẹ́ ro àmàlà kì í da èlùbọ́ sínú omi láìfi kọ̀ǹkọ̀sọ̀ jọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni yíyẹ ọmọ wò rí. A ó bi òbí ní ìbéèrè díẹ̀, a ó wo bí ọmọ ṣe ń ṣe, a ó sì ya àwọn tí ó yẹ kí dókítà rí sọ́tọ̀. Kì í ṣe pé a ti sọ pé ọmọ náà ní àrùn. Nínú àwọn tí a yà sọ́tọ̀, àwọn kan wà tí dókítà yóò wò tí yóò sì ní kò sí nǹkan kan. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti fura, iṣẹ́ dókítà ni láti mọ̀.

Láàárín ọdún 1980 sí 1990, àwọn onímọ̀ ṣètò ìbéèrè mẹ́wàá tí ẹni tí kì í ṣe dókítà lè bi òbí ọmọ tí ó wà láàárín ọdún 2 sí 9. Wọ́n dán an wò ní Bangladesh, ní Jamaica àti ní Pakistan. Ohun tí àwọn ìbéèrè náà ń wádìí nìyí, ní ọ̀rọ̀ tiwa:

1. Ǹjẹ́ ọmọ náà pẹ́ gan-an ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ kí ó tó jókòó, kí ó tó dìde, tàbí kí ó tó rìn?
2. Ǹjẹ́ ó ṣòro fún un láti ríran, lọ́sàn-án tàbí lálẹ́?
3. Ǹjẹ́ ó ṣòro fún un láti gbọ́ ohùn?
4. Bí ẹ bá rán an níṣẹ́, ǹjẹ́ ó máa ń yé e?
5. Ǹjẹ́ apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lágbára, tàbí ó le gan?
6. Ǹjẹ́ gìrì máa ń mú un, tàbí ó máa ń dákú?
7. Ǹjẹ́ ó ń kọ́ nǹkan bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀?
8. Ǹjẹ́ ó ń sọ̀rọ̀ rárá?
9. Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń yé ẹni tí kì í ṣe ará ilé? Bí ó bá jẹ́ ọmọ ọdún 2, ǹjẹ́ ó lè dárúkọ ohun kan ó kéré tán?
10. Ní àkótán, ǹjẹ́ òye rẹ̀ kéré sí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀?

Àwọn ìbéèrè yìí dára, ṣùgbọ́n wọ́n ní ibi tí wọ́n kù sí. Bí òbí fúnra rẹ̀ kò bá tíì mọ̀ pé etí tàbí ojú ọmọ ń dùn ún, kò lè sọ ọ́. Nítorí náà ni ó ṣe dára kí a fi ẹ̀rọ yẹ etí ọmọ wò láti kékeré. Ní Èkó wa yìí, Dókítà Bolajoko Olusanya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ etí àwọn ọmọ ọwọ́ wò ní ibi tí àwọn ìyá ti ń gba abẹ́rẹ́ BCG fún ọmọ wọn, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2008. Ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìyá tí kò bímọ sí ilé ìwòsàn náà máa ń gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́.

ÀMÌ TÍ ÒBÍ LÈ RÍ NÍLÉ

Ọmọ kò dọ́gba, ẹsẹ̀ kan yá ju ẹsẹ̀ kejì lọ. Síbẹ̀, ààlà wà. Ọmọ oṣù 9 yẹ kí ó lè jókòó fúnra rẹ̀, kí ó sì wo ẹni tí ó pe orúkọ rẹ̀. Bí ọmọ bá pé oṣù 18 tí kò rìn, tí kì í nàka sí ohun tí ó fẹ́ fi hàn yín, tàbí tí kò gbìyànjú láti sọ ọ̀rọ̀ kankan, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Bí ó bá pé ọdún 2 tí kò lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, bíi “fún mi”, ẹ lọ. Ọmọ tí ó ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ tí ó wá dákẹ́, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la, ọjọ́ orí yòówù kí ó jẹ́.

Ní ti ìwà, ọmọ tí kì í wo ojú ènìyàn, tí kì í bá ẹgbẹ́ ṣeré, tí ó ń ṣe ohun kan náà ní àṣetúnṣe, tàbí tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́ nílé, nílé ìwé àti ní mọ́sáláṣí, yẹ kí a wádìí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ti fi ìmọ̀ràn lélẹ̀ pé kí a yẹ gbogbo ọmọ wò ní oṣù 9, oṣù 18 àti oṣù 30, yálà òbí fura tàbí kò fura. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ kọ́kọ́ béèrè bí ilé ṣe rí. Ebi, àìsùn, ìjà bàbá àti ìyá, tàbí ìyà tí ẹnì kan ń fi jẹ ọmọ ní kọ̀rọ̀ lè yí ìwà rẹ̀ padà.

OHUN TÍ A LÈ DÈNÀ

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ ṣọ́ ojú ọmọ tuntun. Bí funfun ojú rẹ̀ bá pọ́n bí àyìnrín, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Gbígbé e sínú oòrùn tàbí fífún un ní omi glucose kò tó. Bí ó bá pọ̀ jù, ó lè ba ọpọlọ àti etí jẹ́ títí ayé. Ẹ má sì ṣe kó kánfọ̀ sínú aṣọ ọmọ. Àwọn ọmọ wa kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò lè gba òórùn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà yóò máa wó, ojú yóò sì máa pọ́n. Bákan náà, bí gìrì bá mú ọmọ, ẹ má ṣe da àgbo ìtọ̀ màlúù sí i lẹ́nu.

ÀWÁWÍ TÍ Ó Ń PẸ́ WA

Àwọn kan ń sọ pé bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Àwọn kan ní èdè Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ni ó dàrú mọ́ ọn lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ èdè méjì kì í sọ ọmọ di odi. Àwọn mìíràn ní emèrè ni, tàbí iṣẹ́ ayé ni. Àwa ààfáà náà ní ẹ̀bi tiwa. Wọ́n gbé ọmọ wá bá wa, a ṣe àdúà, a fọ omi wàláà fún un, a sì dá wọn padà sílé. Àdúà dára, a kò sì ní fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Ànábì wa pa á láṣẹ fún wa kí á máa wá ìwòsàn. Kí ààfáà tí ó ṣe àdúà fún ọmọ tí kò sọ̀rọ̀ fi kún un pé: “Ẹ gbé e lọ yẹ etí rẹ̀ wò lọ́la.”

NÍBO NI KÍ A GBÀ?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti lè kọ ìwé fún yín lọ sí LUTH ní Ìdí-Àràbà. Ní ti ìwà, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Yábà, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1907, ní ẹ̀ka fún àwọn ọmọdé ní Òṣòdì. A mọ̀ pé orúkọ “Yábà Left” ń ba ènìyàn lẹ́rù, tí ìyá kò sì fẹ́ kí aládùúgbò rí òun ní ẹnu ọ̀nà. Ìtìjú ọjọ́ kan sàn ju àbámọ̀ ogún ọdún lọ. Ilé ìwé sì wà: ti Wesley fún àwọn tí kò gbọ́ràn àti Pacelli fún àwọn tí kò ríran, ní Súrùlérè, àti Modupe Cole ní Akọkà. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 àti ti ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 kò fàyè gba kí a fi ìyà jẹ ẹnikẹ́ni nítorí àléébù ara rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, kí á tó mú pàṣán, kí á pe ọmọ láti ẹ̀yìn ní ohùn jẹ́jẹ́. Bí kò bá yíjú, kí á gbé e wá sí iwájú, kí á sì pe ìyá rẹ̀ sí kọ̀rọ̀, kì í ṣe lójú àwọn ènìyàn. Ẹ rántí Abdullahi ọmọ Ummu Maktum, afọ́jú tí ó wá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Ànábì wa. Nítorí rẹ̀ ni Ọlọ́hun fi sọ Sūratu ʿAbasa kalẹ̀, tí Ó fi bá Ànábì Rẹ̀ wí. Afọ́jú yìí náà ni ó padà di olùpèrun ní Mẹ̀dínà. Bí Ọlọ́hun kò bá fojú kéré irú ẹni bẹ́ẹ̀, ta ni àwa?

Kí Ọlọ́hun dárí àṣìṣe wa jì wá lórí àwọn ọmọ tí a ti nà láìmọ̀, kí Ó sì jẹ́ kí a tètè rí èyí tí ó nílò ìrànlọ́wọ́. Āmīn.