Èrìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ọ̀rọ̀ yìí wà lára àwọn tí ojú máa ń tì wá láti sọ. Ẹni tó ń ṣe àlùwàlá yọ omi lẹ́nu, ó tu ú dànù, ó rí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, bákan náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á pa pákò àti búrọ́ọ̀ṣì tì, wọ́n á ní kí ibẹ̀ jinná ná. Bí àìsàn náà ṣe ń gbilẹ̀ nìyẹn, nítorí lọ́pọ̀ ìgbà ìdọ̀tí tí a kò fọ̀ kúrò ní ẹsẹ̀ eyín ló ń fa ẹ̀jẹ̀ náà.

Ní ti àlùwàlá, lójú ọ̀nà Imam Màlíkì tí ọ̀pọ̀ wa ń tọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀jẹ̀ èrìgì kò bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n pé àlùwàlá kò bàjẹ́ kò sọ pé ẹnu kò bàjẹ́.

Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú kò lè rí ló ń kóra jọ sára eyín, tí wọ́n ń di nǹkan fẹ́lẹ́ tó ń yọ̀. (Kì í ṣe kòkòrò tí àwọn kan ń pariwo lọ́jà pé àwọn ń yọ jáde láti inú eyín o, ẹ̀tàn nìyẹn.) Bí a kò bá fọ̀ ọ́ kúrò, láàárín ọjọ́ díẹ̀ á le bí òkúta. Èrìgì á pọ́n, á wú, á máa ṣẹ̀jẹ̀. Títí dé ibí, ó ṣì lè sàn pátápátá. Bó bá pẹ́ sí i, èrìgì á ya kúrò lára eyín, egungun tó di eyín mú á máa jẹ, eyín á sì máa mì. Egungun tó ti lọ kì í hù padà fúnra rẹ̀. Àìsàn yìí kì í sì tètè dunni, ìyẹn ló fi burú.

Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fẹ́ràn orín púpọ̀. Ní 1971, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ifẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé omi inú àwọn pákò ilẹ̀ wa ń dá kòkòrò àìsàn dúró. Igi náà kò ní àbùkù, bí a ṣe ń lò ó ni. Ẹ wo ẹni tó ń gba iwájú ààfin Aké kọjá ní ìdájí, pákò lẹ́nu, tó ń kí èèyàn lọ́tùn-ún lósì: eyín iwájú nìkan ló ń fi gbo. Rún orí pákò kó di bí búrọ́ọ̀ṣì, fi í sí ibi tí eyín àti èrìgì ti pàdé, rọra fọ̀ ọ́ dé eyín inú àti ẹ̀yìn wọn. Lálẹ́, kí o lo búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti ọṣẹ ìfọyín fún bí ìṣẹ́jú 2.

Bí o bá wà nínú ààwẹ̀, pákò gbígbẹ kò ní wàhálà lójú ọ̀nà Màlíkì. Tútù tó ń mú adùn jáde ni wọn kò fẹ́.

Ẹ̀jẹ̀ lè máa yọ ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́. Má ṣe dáwọ́ dúró. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ife kan pẹ̀lú ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀ dára láti fi yọ ẹnu. Bí ọ̀sẹ̀ 2 bá kọjá tí kò dáwọ́, lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín. Láti Aké dé Federal Medical Centre ní Ìdí-Àbà kò jìnnà. Wọn á họ òkúta náà kúrò, nítorí búrọ́ọ̀ṣì kò lè ká a. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé híhọ ló ń mú eyín mì. Eyín ti ń mì tẹ́lẹ̀, òkúta ló ń dì í mú. Ẹni tó ra Flagyl ní kẹ́míìsì fúnra rẹ̀ á rí ìtura díẹ̀, òkúta á ṣì wà níbẹ̀, àìsàn á padà. Omi bátìrì tí àwọn kan ń fi sí eyín, ó ń jó ẹran ẹnu ni.

Aláboyún ní láti kíyè sára, nítorí oyún máa ń mú kí èrìgì tètè wú. Wọ́n sì lè họ eyín fún un. Ẹni tó ń mu sìgá kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ àìsàn ń jẹ ẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ẹni tí èrìgì rẹ̀ kọ̀ tí kò jinná, kó jẹ́ kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò pẹ̀lú, nítorí àtọ̀gbẹ àti àìsàn èrìgì máa ń ran ara wọn lọ́wọ́.