Kí O Tó Ra Ọ̀dà

Fọláṣadé ọmọ mi,

Mo rí àwòrán ògiri tí o fi ránṣẹ́, mo sì gbọ́ pé pẹ́ńtà ti ní kí o wá owó ọ̀dà. Inú mi dùn gan-an pé ìwọ lo fẹ́ tún ilé bàbá àgbà rẹ ní Ìjẹ̀bú-Òde ṣe, nígbà tí àwọn kan nínú ẹbí ń sọ pé kí a wó o. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, má tíì ra ọ̀dà kankan. Omi ló ń bá ògiri yẹn jà, ọ̀dà kì í sì í lé omi jáde.

Wo ibi tó ti ń bó. Èyí tó wà nísàlẹ̀, tí iyọ̀ funfun ń hù lára rẹ̀, láti ilẹ̀ ni omi rẹ̀ ti ń gòkè. Èyí tó wà lókè lẹ́bàá àjà, páànù ló ń jò. Jẹ́ kí káfíńtà kọ́kọ́ gun òrùlé, kí ó pààrọ̀ páànù tó ti dípẹtà. Ní ti ìsàlẹ̀, lọ sí ẹ̀yìnkùlé: erùpẹ̀ tí a ti ń gbá jọ sí ìdí ògiri láti ọjọ́ pípẹ́ ti bo ìpìlẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí wọ́n kó o kúrò, kí wọ́n sì jẹ́ kí ilẹ̀ náà dà gẹ́rẹ́ kúrò lára ilé, kí àgbàrá lè máa bá tirẹ̀ lọ.

Amọ̀ ni ògiri ilé náà, Ṣadé. Ẹ̀wù lásán ni sìmẹ́ńtì tó wà lára rẹ̀. Amọ̀ a máa fa omi mu nígbà òjò, a sì máa tú u sílẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé. Á wú díẹ̀, á tún sún kì. Sìmẹ́ńtì le, kì í bá a wú, kì í bá a sún kì, nítorí náà ó máa ń sán. Omi tó bá gba ojú sísán yẹn wọlé kì í tètè rí ọ̀nà jáde mọ́. Amọ̀ tó wà lẹ́yìn á rọ̀, títí gbogbo rẹ̀ á fi ya lulẹ̀ lọ́jọ́ kan. Bíríkìlà á sọ fún ọ pé kí a fi sìmẹ́ńtì tó tún nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ rẹ́ ẹ. Má gbà fún un.

Fi ìka kan ògiri náà káàkiri. Ibi tó bá ń dún kòròfo nìkan ni kí wọ́n gé kúrò. Kí wọ́n fi èyí tó ṣì dì mọ́ ara ògiri sílẹ̀. Amọ̀ pupa tí a jọ̀, tí a pò mọ́ koríko gbígbẹ tí a gé wẹ́wẹ́, tí a sì fi sílẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ni kí wọ́n fi dí i. Kí wọ́n wọ́n omi sí ògiri kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, kí ọ̀kan gbẹ kí òmíràn tó gùn ún. Tó bá sán bó ṣe ń gbẹ, kò burú, kí wọ́n tún un rẹ́. Àwọn ìyá wa kò retí pé ẹ̀ẹ̀kan ni a ń rẹ́ ilé. Bí òjò bá ti dá, wọn a tún ara ògiri ṣe.

Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi jù ni ti ilẹ̀kùn, fèrèsé àti irin àtẹ̀gùn. Ọ̀dà olóròóró tó wà lára wọn ti pẹ́, ó sì ṣeé ṣe kí òjé wà nínú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1978 ni ìjọba ti fòfin de irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ nínú ilé gbígbé. Níbí, wọ́n ṣì ń tà á lọ́jà fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, kò sì ní òórùn tí a fi lè mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi sáńpépà ha á ní gbígbẹ, wọn kò sì gbọdọ̀ fi iná sun ún. Kí wọ́n fi omi rin ín kí wọ́n tó ha á, kí wọ́n tẹ́ tapólì sílẹ̀, kí wọ́n fi àkísà tútù nu eruku, kí wọ́n má fi ìgbálẹ̀ gbá a. Èyí tí kò bá bó rárá, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n kun tuntun lé e lórí. Ìwọ tí o wà nínú oyún àti àwọn ọmọ, ẹ lọ dúró lọ́dọ̀ ìyá yín títí wọn yóò fi parí.

Má sì jẹ́ kí wọ́n fi screeding bo òdòdó tó yí fèrèsé òkè ká. Iṣẹ́ ọwọ́ tí a kọ́ lára àwọn Àgùdà, àwọn tó padà wálé láti Brazil, ni. Irú iṣẹ́ wọn náà ni Ilé Ilojo Bar ní Tinubu Square l'Ékòó, tí wọ́n kọ́ ní 1855; ìjọba sọ ọ́ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o ní 2016. Èyí tó kù lọ́wọ́ wa kò pọ̀.

Nígbà tí o bá rò pé ògiri ti gbẹ, lẹ ọ̀rá mọ́ ọn, kí o fi tépù dí etí rẹ̀ yíká, kí o sì fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí omi bá ṣẹ́ sí inú ọ̀rá náà, ẹ tún dúró. Bí wọ́n bá ti fi sìmẹ́ńtì tuntun rẹ́ ibì kan kí o tó dá wọn dúró, ó tó ọjọ́ 28 kí ọ̀dà tó kàn án. Emulsion lásán ni kí ẹ kùn sára ògiri, kì í ṣe ọ̀dà olóròóró, kí amọ̀ lè máa mí.

Fi owó tí o ti kó jọ ra páànù. Màá wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí káfíńtà dúró dè mí, kí n lè fojú ara mi rí igi òrùlé kí ó tó kan ìṣó kankan.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àkànbí