Oyin Tí Kò Padà Wálé: Ìmọ̀ràn fún Ọlọ́sìn Oyin lórí Àìsàn àti Fífò Oyin

Àìsàn tí ń bá oyin jà kì í sábà kó òkú jọ sínú àpótí kí ọlọ́sìn tó mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́, nítorí pé oyin tí ara rẹ̀ kò dá ṣì ń jáde lọ wá oúnjẹ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì lè kú sójú ọ̀nà níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Agbo oyin náà á máa dín kù díẹ̀díẹ̀, afárá tó yẹ kó kún ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn á fúyẹ́, ọlọ́sìn á sì máa rò pé òdòdó ni kò tó. Ìdí nìyí tí ìwé ìmọ̀ràn yìí fi ń gba ọlọ́sìn níyànjú láti máa ṣọ́ bí oyin ṣe ń fò jáde àti bí ó ṣe ń balẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà àpótí, nítorí pé ibẹ̀ ni èèyàn ti lè tètè rí àmì àìsàn láì tíì ṣí àpótí rárá.

Bí oyin tí ara rẹ̀ le ṣe ń mọ ọ̀nà

Oyin òṣìṣẹ́ máa ń lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ ayé rẹ̀ lórí iṣẹ́ inú ilé, kí ó tó di ẹni tí ń lọ sóko láti wá oje òdòdó àti lẹ́búlẹ́bú rẹ̀. Kí ó tó lọ jìnnà, ó máa ń kọ́kọ́ fò láti fi mọ àdúgbò: á kọjú sí ẹnu ọ̀nà àpótí, á máa fò láti ọ̀tún sí òsì, á sì máa sún sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí igi, òrùlé àti àpáta tó wà nítòsí yóò fi wọ̀ ọ́ lórí. Bí ó bá ti jáde tán, oòrùn ni ó fi ń mọ ibi tí ó dojú kọ. Bí ìkúukùu bá bo oòrùn, ìwọ̀nba ojú ọ̀run tó mọ́ ti tó fún un, nítorí pé ojú rẹ̀ ń rí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe tò lójú ọ̀run lọ́nà tí ojú ènìyàn kò lè gbà rí i. Bí nǹkan orí ilẹ̀ ṣe ń kọjá lójú rẹ̀ ni ó fi ń mọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó.

Karl von Frisch, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Austria tó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1973, ṣàlàyé pé oyin tó ti oko dé máa ń jó lórí afárá láti júwe ọ̀nà fún àwọn yòókù: ìhà tí ó kọjú sí nínú ijó náà ń sọ ìhà tí òdòdó wà sí oòrùn, bí ó sì ṣe pẹ́ tó lẹ́nu gbígbọn ìdí ń sọ bí ibẹ̀ ṣe jìn tó. Gbogbo iṣẹ́ yìí ń gba agbára, nítorí pé apá oyin ń lù ju ìgbà 200 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohunkóhun tó bá ti ba ìfun, apá tàbí ọpọlọ oyin jẹ́ kò ní ṣàì hàn nínú fífò rẹ̀.

Ohun tí àìsàn ń ṣe sí fífò

Nosema ni orúkọ àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín, ìbátan olú, tí oyin máa ń gbé mì láti ara omi tàbí afárá tí ìgbẹ́ oyin alárùn ti bà jẹ́. Wọ́n ń pọ̀ sí i nínú ìfun, wọ́n sì ń jẹ nínú agbára tó yẹ kí oyin fi fò, débi pé ebi ń pa oyin náà ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó sì ń lọ sóko kí ọjọ́ orí rẹ̀ tó tó. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ ní Rothamsted ní ilẹ̀ England so èròjà kékeré mọ́ ẹ̀yìn oyin kí rédà lè máa tọpa rẹ̀, wọ́n sì rí i pé àwọn tó ní Nosema tí wọ́n mọ ọ̀nà délé kò tó àwọn tí ara wọn le.

Varroa ní tirẹ̀ jẹ́ kòkòrò pupa, pẹlẹbẹ, tí kò tó mílímítà 2 ní fífẹ̀, tó ń lẹ̀ mọ́ ara oyin tó sì ń yé ẹyin sínú ihò afárá tí a ti dé mọ́ ọmọ oyin. Wọ́n ti rí i ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Bí ó ti ń jẹ ara oyin ni ó ń kó fáírọ́ọ̀sì tó ń sọ apá oyin di wíwọ́ ràn án. Oyin tí fáírọ́ọ̀sì yìí mú gan-an ń jáde láti inú ihò rẹ̀ pẹ̀lú apá tó ti ká, kò sì ní fò láé. Ṣùgbọ́n àwọn tí apá wọn gún régé ló yẹ kó ká ọlọ́sìn lára jù. Ìwádìí tó jáde ní ọdún 2016, nínú èyí tí a mú oyin tó dà bí ẹni tí ara rẹ̀ le fò lórí ẹ̀rọ tó ń yí po, fi hàn pé fáírọ́ọ̀sì yìí dín jíjìn ibi tí oyin lè fò dé kù ní ìdá méjì nínú mẹ́ta, ó sì dín àkókò tí ó lè fi wà lójú òfuurufú kù ní ìdajì.

Oyin ilẹ̀ Áfíríkà ń fara da Varroa ju oyin ilẹ̀ Yúróòpù lọ, ṣùgbọ́n ìfaradà ní ibi tó mọ. Bí àwọn àgbà bá ń sọnù sóko, àwọn ọ̀dọ́ tó yẹ kó máa bọ́ ọmọ ni yóò fi iṣẹ́ ilé sílẹ̀ láti rọ́pò wọn. Ìrìn tí àwọn wọ̀nyí ń rìn kì í tó ti àgbà, wọ́n sì ń tètè kú, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ inú ihò kò ní rí olùtọ́jú tó pọ̀ tó. Oyin tó ṣìnà sì lè wọ àpótí aládùúgbò, kó gbé àìsàn tàbí Varroa wọ ibẹ̀.

Bí a ṣe ń yẹ agbo oyin wò

Kí ọlọ́sìn tẹ́ aṣọ funfun síwájú àpótí ní òwúrọ̀ tí oòrùn ti ràn, kí ó sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú aṣọ ààbò, kì í ṣe níwájú gan-an, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15. Oyin tó le máa ń balẹ̀ tààrà sí ẹnu ọ̀nà. Èyí tí ń ṣàìsàn lè já sílẹ̀ kó tó débẹ̀, kó máa rákò, kó máa gbọ̀n, tàbí kí apá rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nítorí pé ìkọ́ tó so apá iwájú mọ́ ti ẹ̀yìn ti tú. Bí òkú oyin bá kúnlẹ̀ lójijì láàárín ọjọ́ kan, oògùn apakòkòrò tí wọ́n fín sí oko nítòsí ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí, nítorí pé àìsàn máa ń rọra ṣọṣẹ́ ni.

Láti mọ̀ bóyá Nosema ni, kí ó mú oyin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, kí ó fi ẹ̀mú kékeré rọra fa góńgó ìdí rẹ̀ títí ìfun yóò fi yọ jáde. Ìfun tó dára máa ń ní àwọ̀ ilẹ̀ díẹ̀, ó sì ní ìlà róbótó-róbótó lára. Èyí tí Nosema ti bà jẹ́ lè wú, kó funfun, kí ìlà ara rẹ̀ sì pa rẹ́. Láti wá Varroa, kí ó gbọn oyin tó tó ìlàjì ife láti orí afárá ọmọ sínú ìgò, lẹ́yìn tó bá ti rí i dájú pé ayaba kò sí níbẹ̀. Kí ó da ṣíbí ńlá méjì ṣúgà tí a lọ̀ kúnná lé e, kí ó fi àwọ̀n dé e, kí ó rọra yí i fún ìṣẹ́jú kan, kí ó sì gbọn ṣúgà náà sórí àwo funfun. Varroa yóò jábọ́ sínú àwo, oyin yóò sì padà sínú àpótí láàyè.

Ohun tó yẹ kí ọlọ́sìn ṣe

Kí ọlọ́sìn máa pààrọ̀ afárá tó ti gbó, tó ti dúdú, kí ó má ṣe gbé afárá láti àpótí tó fura sí lọ sí òmíràn, kí ó máa fi iná jó inú àpótí igi tó ti ṣófo kí oyin mìíràn tó wọ̀ ọ́, kí ó sì máa gbé omi mímọ́ sítòsí, kí ó máa pààrọ̀ rẹ̀. Kò dára kí àpótí tò sórí ìlà kan ṣoṣo kí wọ́n sì jọra. Bí ẹnu ọ̀nà wọn bá kọjú síbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí a sì fi ọ̀dà aláwọ̀ yíyàtọ̀ kùn wọ́n, oyin kò ní máa ṣi ilé wọ̀. Kò yẹ kí a kó gbogbo oyin inú afárá tán nígbà ìkórè, nítorí pé agbo tí ebi ń pa ní àsìkò òjò kì í lè bá àìsàn jà. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni da oògùn tí kò mọ̀ sínú àpótí, nítorí pé ó lè kù sínú oyin tí ènìyàn yóò lá.

Kí ọlọ́sìn ní ìwé kan tí yóò máa kọ ohun tó rí ní ẹnu ọ̀nà àpótí kọ̀ọ̀kan sí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí agbo kan bá ń fò lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì léraléra, kí ó ké sí òṣìṣẹ́ ìmọ̀ràn iṣẹ́ àgbẹ̀ tó sún mọ́ ọn, kí ó sì fi ìwé náà hàn án, nígbà tí oyin ṣì pọ̀ tó nínú àpótí láti gbà là.