Sójà tí kò mú ìbọn dání

Kí a tó kàwé lónìí, mo bi yín: bí ẹ bá rí sójà lọ́nà, kí ló ń wá sí yín lọ́kàn? Ìbọn, àbí? Sójà tí a ó ka ìtàn rẹ̀ yìí kò ní ìbọn lọ́wọ́.

Mbaye Diagne ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Senegal ni, kápítéènì sì ni. ONU rán an lọ sí Rwanda pé kí ó máa wo bí nǹkan ṣe ń lọ, kí ó sì máa jábọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1994, ìpànìyàn bẹ̀rẹ̀ ní Rwanda. Wọ́n ń pa àwọn Tutsi. Wọ́n ń pa àwọn Hutu tí kò fara mọ́ ọn pẹ̀lú. Láàrin bíi 100 ọjọ́, àwọn tó kú tó bíi 800.000.

Ní ọjọ́ 7 oṣù náà, àwọn sójà pa olórí àwọn mínísítà, Ìyáàfin Agathe Uwilingiyimana. Àwọn ọmọ rẹ̀ sá pamọ́ nítòsí. Ta ni yóò gbà wọ́n? Mbaye kò dúró de àṣẹ. Ó fi wọ́n pamọ́ sínú mọ́tò rẹ̀, ó gbé wọn lọ sí òtẹ́ẹ̀lì kan.

Láti ọjọ́ náà, kò sinmi mọ́. Ẹni mẹ́ta, ẹni márùn-ún ló ń kó lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ti dínà káàkiri, àwọn tó ń ṣọ́ ọ̀nà mú àdá dání. Mbaye a bá wọn ṣe àwàdà, a fún wọn ní sìgá, wọn a sì jẹ́ kó kọjá. Báyìí ló ṣe gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn là.

Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún, ó ń dá wa mọ́tò bọ̀. Bọ́ǹbù bọ́ sẹ́yìn mọ́tò náà, ó sì pa á. Ọmọ ọdún 36 ni. Ó ní ìyàwó àti ọmọ méjì. Ní ọdún 2014, ONU dá àmì ẹ̀yẹ sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀ fún àwọn akíkanjú.

Ohun tí a rí kọ́
Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí àwọn ènìyàn bá ń lu ẹnì kan lọ́jà pé olè ni, ẹ má bá wọn lù ú. Ẹ fi ohùn tútù dá wọn dúró. Ẹ tètè pe olóyè abúlé tàbí ọlọ́pàá.

Ẹ dáhùn
1. Iṣẹ́ wo ni wọ́n rán Mbaye?
2. Kí ló lò dípò ìbọn?
3. Ìṣirò: bí mọ́tò bá kó ènìyàn 4 lẹ́ẹ̀kan, tó sì lọ nígbà 20, ènìyàn mélòó ló kó?