Àpótí Ìmọ̀: Bí Máíkà Ṣe Ń Dì Nínú Àpáta

Máíkà jẹ́ ọ̀wọ́ àwọn àlùmọ́ọ́nì tó ń dán, tó sì ṣeé fi èékánná bó ní abala-abala. Sílíkọ́ọ̀nù, álúmíníọ̀mù àti ọ́síjìn ló so pọ̀ gbọnyin nínú abala kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n pọtásíọ̀mù tó wà láàárín abala méjì kò dì wọ́n mú dáadáa.

Bí òkúta yíyọ́ bá ti ìsàlẹ̀ wọ inú àpáta àtijọ́, tí kò sì rí ojú ilẹ̀ yọ sí, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa tutù. Báyótáìtì, máíkà dúdú tó ní irin nínú, sábà máa ń dì ṣáájú músíkófáìtì tó funfun. Ìgbẹ̀yìn gan-an ló lárinrin jù. Omi, lítíọ́ọ̀mù àti fúlọ́ríìnì tí àwọn àlùmọ́ọ́nì àkọ́kọ́ kò gbà yóò kóra jọ sínú ìwọ̀nba òkúta yíyọ́ tó ṣẹ́ kù, èyí tí yóò ṣàn wọ ibi tí àpáta ti sán. Omi ọ̀hún kì í jẹ́ kó ki, nítorí náà ohun tó ń dì níbẹ̀ máa ń tóbi. Àpáta yìí ni pẹ́gímátáìtì, tí abala máíkà kan nínú rẹ̀ lè fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Irú rẹ̀ wà ní Ìjerò-Èkìtì, níbi tí wọ́n ti ń rí lẹpidóláìtì, máíkà aláwọ̀ àlùkò tó ní lítíọ́ọ̀mù nínú.

Iná mànàmáná kì í gba inú máíkà kọjá, ooru kì í sì í tètè bà á jẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lò ó nínú áyọ́ọ̀nù oníná.