Démà Kò Jalè

Ẹ̀yin ará, ewu tí mo fẹ́ kìlọ̀ rẹ̀ lónìí kò ní ìtìjú nínú rárá. Ọ̀mùtí mọ̀ pé òun ti ṣìnà. Alágbèrè ń sá fún ojú pásítọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ayé ti gba ọkàn rẹ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run, a ṣì lè fi í ṣe alága Ìkórè.

Ẹ wo Démà. Ìgbà mẹ́ta péré ni Pọ́ọ̀lù dárúkọ rẹ̀. Nínú ìwé sí Fílémónì, alábàáṣiṣẹ́ ló pè é. Nínú ìwé sí àwọn ará Kólósè, orúkọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Lúùkù oníṣègùn. Ìgbà kẹta, nínú ìwé kejì sí Tímótì, Pọ́ọ̀lù wà nínú ẹ̀wọ̀n, ikú ti sún mọ́ ọn, Démà sì ti fi í sílẹ̀ gba Tẹsalóníkà lọ. Ẹ wá ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án, ẹyọ kan lẹ máa rí: ó fẹ́ràn ayé ìsinsìnyí. Kò jalè, kò pààyàn. Ìjọ sì wà ní Tẹsalóníkà o! Kò sí ohun tó ní kó má máa jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi.

Bí ìfẹ́ ayé ṣe ń bẹ̀rẹ̀ lọ́kàn onígbàgbọ́ nìyí. Agogo márùn-ún ìdájí, ojú kò tíì là tán, ọwọ́ ti wọ abẹ́ ìrọ̀rí, fóònù ló ń wá. Ta ló fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lóru? Ta ló gbé fọ́tò òde àná sórí Facebook? Ó ní kí òun kàn yẹ̀ ẹ́ wò fìrí kí òun tó kúnlẹ̀. Nígbà tó fi máa gbójú sókè, ilẹ̀ ti mọ́ kedere, ọmọ ń wá ìbọ̀sẹ̀, mọ́tò ń dúró níta. Àdúrà wá di “Olúwa, Ìwọ náà mọ̀ bó ṣe ń lọ,” bàtà ló sì ń wọ̀ lọ́wọ́ bó ṣe ń sọ ọ́. Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, ara rẹ̀ wà lórí bẹ́ǹṣì, ọkàn rẹ̀ ń ṣírò owó aṣọ ẹbí: léèsì, gèlè, àti bàtà tó máa bá a lọ.

Irúgbìn tó bọ́ sáàárín ẹ̀gún nínú òwe Jésù kò kú. Ó hù, ó ní ewé. Èso ni kò so, nítorí àníyàn ayé àti ẹ̀tàn ọrọ̀ ti fún un pa. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù: ewé á tutù títí, ẹni tó ni ín kò ní fura.

Ẹnikẹ́ni kò ní kí ẹ má ṣiṣẹ́. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ń pàgọ́ tà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Lọ́dún 1928, katakata tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà ló ń wà fún ìjọba nítòsí Ìkejì Arákeji, iṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ dájú. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ ìpè Ọlọ́run, ó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Nígbà tó fi di 1930, èrò ti ń wọ́ lọ bá a ní Òkè Ooye, Iléṣà. Lónìí, àwa náà ń lọ gbàdúrà ní Ìkejì. Kí là ń tọrọ? Físà, mọ́tò, ilé, iṣẹ́ ìjọba. Ohun tí Babalọlá fi sílẹ̀ níbẹ̀ la ń lọ bẹ̀bẹ̀ fún níbẹ̀! Títọrọ rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ń lọ tọrọ Ọlọ́run fúnra rẹ̀?

Bẹ́ẹ̀, bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́ náà, kì í tó. Ẹni tó ra mọ́tò lọ́dún yìí, kí ọdún tó yípo, ojú rẹ̀ á ti wà lára ti aládùúgbò. Ọlọ́run nìkan ló ń fi ìtẹ́lọ́rùn sínú ẹni, kì í sì í fún ẹni tí kò ráyè jókòó tì í.

Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé fóònù sí pálọ̀ kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní. Bí òde bá tó mẹ́ta lóṣù yìí, ẹ yọwọ́ nínú méjì. Ẹ fi owó ránṣẹ́ sí aláṣeyẹ, kó sì parí síbẹ̀. Ẹ kúnlẹ̀ ní ìdájí ọ̀la, kí ẹ má tọrọ nǹkan kan, kí ẹ kàn wà pẹ̀lú Rẹ̀. Ẹ má sọ pé ó di ọdún tuntun.