Ẹ̀kọ́ Wa fún Oṣù Yìí: Àgádágodo Kì í Ṣọ́ Ọmọ

Ẹ̀yin tí ẹ ń pàtẹ ní Ìyànà-Ìbà, ẹ̀yin ti Òkòkòmáìkò, ẹ̀yin ti màmí inú bárékè Ọ̀jọ́, àti ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù lápá Alábà, gbogbo yín pátá ni ẹ̀kọ́ yìí wà fún. Ẹni tí kò bá lè kà á, kí ó ní kí ọmọ rẹ̀ kà á sí òun létí.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa kéékèèké la fẹ́ sọ, láti ìgbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í rá títí wọ́n á fi tó bí ọmọ ọdún 6. Kò sí ìyá tí kì í ṣètò ilé rẹ̀ kí ọmọ má bàa ṣèṣe. À ń gbé kẹrosíìnì sókè, à ń ti ilẹ̀kùn, à ń fi pákó dí ẹnu ọ̀nà, à ń fi ìdérí bo kànga. Síbẹ̀ náà, a ṣì ń gbọ́ "Ẹ gbà mí o!" láti ilé ẹni tó ti ṣe gbogbo ètò wọ̀nyí. Kí ló wá fà á? Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nìyẹn.

1. ỌMỌ KÌ Í DÚRÓ SÍBI TÓ WÀ LÁNÀÁ

Àwọn àgbà ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. À ń pa òwe náà lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ ètò ilé, a máa ń gbàgbé pé ọmọdé gbọ́n. Bí ọmọ ṣe ga tó lónìí là ń wò tí a fi ń gbé nǹkan sókè díẹ̀ jù ú lọ. Ọ̀la ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ ọmọ á ti máa rá láàárín oṣù 6 sí oṣù 10. Tó bá fi máa tó bí oṣù 9, ó ti lè fi ìka méjì ṣa ohun tó kéré bí ẹ̀wà nílẹ̀, ẹnu ló sì máa gbé e lọ. Ní bí ọdún kan ó ti ń rìn. Ní ọdún kan ààbọ̀ ó ti ń gun àga. Ní ọdún 2 ó ti ń ṣí ilẹ̀kùn. Tó bá di ọdún 3, á wọ́ àpótí tàbí kẹ́ẹ̀gì òfìfo wá sábẹ́ pẹpẹ, á gorí ẹ̀, ohun tí ẹ rò pé ọwọ́ rẹ̀ kò tó, ọwọ́ rẹ̀ ti tó o nìyẹn. Ní ọdún 4, ó mọ ibi tí ìyá rẹ̀ ń fi kọ́kọ́rọ́ sí.

Ta ló kọ́ ọ? Àwa náà ni. Gbogbo ìgbà tí a bá ń ṣí nǹkan lójú rẹ̀, iṣẹ́ ló ń kọ́ lọ́wọ́ wa, kò sì san owó ìkọ́ṣẹ́.

Nígbà míì, ohun tí a fi ṣe ààbò gan-an ló ń di wàhálà. Ìyá kan ládùúgbò wa fi irin sẹ́yìn ilẹ̀kùn nítorí olè. Lọ́jọ́ kan ó gbé ẹ̀wà kaná, ó ní kí òun sáré pọn omi nínú ọgbà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 3, ti ilẹ̀kùn, ó sì fa irin náà sí i bó ṣe ń rí i tí ìyá rẹ̀ ń ṣe lálaalẹ́. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń tì í, kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Ìyá ń pariwo níta, ọmọ ń rẹ́rìn-ín nínú ilé, sítófù ń jó. Ìgbà tí wọ́n fi yọ gíláàsì fèrèsé tí ẹnì kan rá wọlé, orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n bá ọmọ, tó ń lá ṣúgà. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹsẹ̀ ìyá yẹn kò gbé e títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ gbé irin yẹn sókè pátápátá lẹ́yìn ilẹ̀kùn, níbi tí àgbà gan-an máa na ọwọ́ kó tó kàn án.

2. ÌDÉRÍ TÍ WỌ́N ṢE FÚN ỌMỌDÉ

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan lèyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní Kánádà, dókítà àwọn ọmọdé kan wà ní ìlú Windsor tó ń jẹ́ Henri Breault. Ọmọ tó ń gbé oògùn àgbà jẹ tí wọ́n ń gbé wá bá a ti pọ̀ jù, ó sú u. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n ṣe ìdérí ìgò oògùn kan jáde ní ọdún 1967, èyí tí èèyàn máa kọ́kọ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó yí i. Iye ọmọ tó ń jẹ májèlé ní ìlú náà sì wálẹ̀ gidigidi. Ní ọdún 1970, ìjọba Amẹ́ríkà sọ irú ìdérí bẹ́ẹ̀ di òfin.

Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dán an wò. Wọ́n á kó àwọn ọmọ tó wà ní nǹkan bí ọdún 3 ààbọ̀ sí ọdún 4 jọ, wọ́n á gbé ìgò fún wọn, wọ́n á fún wọn ní ìṣẹ́jú 10. Bí ọmọ 80 nínú 100 kò bá rí i ṣí, ìdérí náà ti yege. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ bí a ṣe ń ṣírò ọjà. Ọmọ 20 lè ṣí i láàárín ìṣẹ́jú 10, kí òfin ṣì gbà pé ìdérí náà dára!

Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ rèé, ẹ di í mú: gbogbo ohun tí a fi dí ọmọ lọ́nà, ìṣẹ́jú díẹ̀ la fi rà. Àgádágodo, ìdérí, pẹpẹ gíga, ìṣẹ́jú ni gbogbo wọn ń rà fún wa kí ojú àgbà lè débẹ̀. Bí ojú àgbà kò bá wá débẹ̀, òfo ni.

3. IBI MÁRÙN-ÚN TÍ EWU WÀ NÍLÉ ÀWA ONÍṢÒWÒ

(a) Ìgò. Nílé wa, inú ìgò mínírà tàbí ike omi la máa ń rọ kẹrosíìnì sí. Ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ kò lè mọ̀ pé kì í ṣe omi. Bẹ́ẹ̀ náà ni Hypo, omi sóódà àwọn tó ń ṣe ọṣẹ, àti ọ̀tápiápiá. Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Ní ọdún 2019, NAFDAC fòfin de títà ike Sniper kékeré, ti 100 ml, ní ọjà gbangba àti ní ṣúpámákẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta oògùn kòkòrò, ẹ má ṣe bu ú sínú ìgò ohun mímu fún oníbàárà. Ohun tí kì í ṣe mímu kò gbọdọ̀ wọ inú ìgò mímu láéláé. Ẹ jẹ́ kí ó wà nínú ike tirẹ̀, nínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́.

(b) Ọkọ̀ àti firísà. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 2021, ní àdúgbò Jah-Michael ní Àgbádárìgì, lójú ọ̀nà tiwa yìí kan náà, ọmọ mẹ́jọ kú sínú ọkọ̀ kan tí wọ́n gbé sílẹ̀. Ohun tí àwọn ọlọ́pàá Èkó sọ ni pé eré ni wọ́n ń ṣe tí wọ́n fi wọ inú rẹ̀, tí ọkọ̀ sì tì mọ́ wọn. Ọmọ mẹ́jọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo! Ọkọ̀ tí a ti pa nínú oòrùn, láàárín ìṣẹ́jú 10 ooru inú rẹ̀ á ti fi bí ìwọ̀n 10 sẹ́ńtígíréèdì ju ti ìta lọ, ara ọmọdé sì máa ń yára gbóná ju ti àgbà. Ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ nínú ọgbà, ẹ tì í pa, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ má wà lọ́wọ́ ọmọ. Bí ẹ bá ń wá ọmọ, inú ọkọ̀ àti búùtù ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Firísà náà ńkọ́? Látijọ́, fíríìjì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń fi irin kọ́ pa ọmọ púpọ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n á wọ inú rẹ̀ sá pamọ́, wọn ò sì ní lè jáde. Ní ọdún 1956 ìjọba wọn ṣòfin pé ilẹ̀kùn fíríìjì ilé gbọ́dọ̀ ṣeé ṣí láti inú. Àmọ́ firísà gbọọrọ tí a fi ń ta omi tútù, tó ń ṣí sókè, tí a sì ń fi àgádágodo tì, ọmọ kò lè ṣí i láti inú bó bá ti kọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní tòkunbọ̀ tó ti kú lẹ́yìnkùlé, ẹ yọ ìdérí rẹ̀ kúrò lónìí, tàbí kí ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀.

(d) Omi. Ọmọ tó ń rá lè kú sínú omi tí kò ju ìwọ̀n ìka ọwọ́ lọ ní ìsàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì, torí orí rẹ̀ ló wúwo jù. Tó bá ti tẹ̀ síwájú, kò lè gbé ara rẹ̀ padà. Kò sì ní pariwo, torí ẹnu rẹ̀ ti wà nínú omi. Ẹ da omi ìfọṣọ nù kété tí ẹ bá fọṣọ tán. Ìdérí kànga, kí ó wúwo, kí ó ní àgádágodo.

(e) Bátìrì kékeré. Èyí tó rí roboto pẹlẹbẹ bíi kọ́bọ̀, tó wà nínú rìmóòtù, aago àti ohun ìṣeré ọmọdé tí a ń tà. Tó bá há ọmọ lọ́nà ọ̀fun, láàárín wákàtí 2 ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun náà dé ibi tó burú. Bí ìdérí ẹ̀yìn rìmóòtù bá ti já, ẹ fi téèpù wé e dáadáa.

(ẹ) Iná. Sítófù tó wà nílẹ̀, ìkòkò omi gbígbóná tí ọwọ́ rẹ̀ kọjú síta, ẹ̀kọ gbígbóná tí a gbé kalẹ̀ kó tutù. Ẹ yí ọwọ́ ìkòkò sínú, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ ṣeré ní ibi tí ẹ ti ń dáná.

4. BÍ Ó BÁ TI ṢẸLẸ̀

Ọmọ tó bá mu kẹrosíìnì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fún un ní mílíìkì, ẹ má ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì. Kí nìdí? Kẹrosíìnì tó wà nínú ikùn kò burú tó èyí tó wọ ẹ̀dọ̀fóró, ìgbà tí ọmọ bá sì ń bì ló máa ń sá wọbẹ̀. Ẹ bọ́ aṣọ tó bá ta sí, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ara rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ mú ìgò náà dání kí dókítà lè rí i. Ẹni tó mu omi sóódà náà kò gbọdọ̀ bì, torí ohun tó jó o nígbà tó ń lọ sísàlẹ̀ á tún jó o nígbà tó bá ń padà bọ̀. Ẹni tó gbé bátìrì mì, ẹ má dúró wo bóyá ó máa yà á. Ilé ìwòsàn ni kíá.

Ọmọ tí iná tàbí omi gbígbóná bá jó, omi tútù tó ń ṣàn ni kí ẹ máa dà síbẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má fi ẹyin, ògì, epo tàbí ọṣẹ ìfọyín pa á. Èyí tó bọ́ sómi, ẹ má gbé e dorí kodò, ẹ má tẹ̀ ẹ́ níkùn. Bí kò bá mí, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu lójú ẹsẹ̀, kí ẹlòmíì sì máa wá ọkọ̀. Ní Èkó, ẹ lè pe 112 tàbí 767, wọn kì í gba owó ìpè.

5. TA LÓ Ń ṢỌ́ ỌMỌ?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Àjọ WHO àti UNICEF sọ nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2008 pé ọmọ tó lé ní 830,000 ni irú ìjàm̀bá báyìí ń pa kárí ayé lọ́dún kan. Ọ̀pọ̀ rẹ̀, àwọn ìlú tí owó ò ti pọ̀ ló ti ń ṣẹlẹ̀, torí ẹni tó yẹ kó ṣọ́ ọmọ ti lọ wá oúnjẹ.

A ò sọ pé kí ẹ má wá sọ́jà o. Bí ìyá ò bá jáde, kí lọmọ máa jẹ? Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 8 tí a fi ọmọ ọdún 2 tì, ọmọ la fi ṣọ́ ọmọ yẹn. Òun náà fẹ́ ṣeré. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, a kò gbọdọ̀ dá a lẹ́bi, àwa la gbé ẹrù tó jù ú lọ lé e lórí.

Ìmọ̀ràn tí a mú wá ni pé kí ìsọ̀ mẹ́wàá tó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn da owó díẹ̀ jọ lójúmọ́, kí wọ́n fi bẹ ìyá àgbà méjì tí ara wọn ṣì le, kí wọ́n máa ṣọ́ àwọn ọmọ tí kò tíì tó ilé ìwé lọ ní ibi kan tó ní òjìji, tó jìnnà sí títì. Ìyá méjì ni o, kì í ṣe ẹyọ kan, kí ẹnì kan lè dìde lọ tọ̀ láìfi ọmọ sílẹ̀. Ní ìròlẹ́, kí wọ́n ka iye ọmọ bí a ṣe ń ka owó.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ

(1) Kí ni ọmọ rẹ mọ̀ ọ́n ṣí lóṣù yìí tí kò mọ̀ ọ́n ṣí lóṣù tó kọjá?
(2) Ìgò mélòó nínú ilé rẹ ló ní ohun tí kì í ṣe ohun tí orúkọ ara rẹ̀ sọ?
(3) Kí nìdí tí a kò fi gbọdọ̀ fún ẹni tó mu kẹrosíìnì ní epo pupa?
(4) Láàárín aago méje àárọ̀ sí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ òní, ojú àgbà wo ló wà lára ọmọ rẹ?

Kí olúkúlùkù ronú lórí ìbéèrè kẹrin dáadáa kó tó wá sípàdé. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. A ò ní fi ọwọ́ ara wa sin ọmọ o.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ yín ni.